Ikùn tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Títí di òní yìí tí irùngbọ̀n mi ti funfun tán, bí mo bá fẹ́ ṣáná sí sítóòfù onígáàsì, ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń na ọwọ́ sí i, bí ẹni tó fẹ́ fún ajá àjèjì ní egungun. Ìyàwó mi a ní, “Ẹ sún mọ́ ọn, kò ní bù yín jẹ.” Ohun tí kò mọ̀ ni pé mo ti bá iná kan gbé ilé rí tí wọ́n sọ fún mi pé ó ní ikùn, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá ní ikùn kò lè ṣe kó má ní ẹnu. Ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi tí ẹ ń to pátákó oòrùn sórí òrùlé lónìí, tí ẹ ń yangàn pé ẹ ti já ara yín gbà lọ́wọ́ wáyà ìjọba, ẹ rọra. Kí wọ́n tó bí yín ni Bàámi ti gbìyànjú irú rẹ̀ ní Natako, ní Lọ́kọ́ja yìí kan náà, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ ará Kwara. Kì í ṣe oòrùn ni òun lò. Ìgbẹ́ màlúù ni. Èmi ni mo sì ń rù ú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé náà ṣe rí létí, nítorí etí mi ló rántí rẹ̀ jù. Láàárọ̀, ìró ìgbálẹ̀ Mọ́mì ló ń jí wa, ṣàá, ṣàá, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi gúáfà. Lẹ́yìn náà ni rédíò Bàámi yóò sọ gbólóhùn mélòó kan, ohùn rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lọ bí ẹni tí oorun ń kùn, Bàámi á yọ bátìrì rẹ̀, á jù wọ́n sórí páànù kí oòrùn lè fún wọn ní agbára díẹ̀ sí i. A kò ní iná mọ̀nàmọ́ná. Ọ̀pá iná gbéra láti ìhà ọjà, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, inú wa ń dùn, àfi bó ṣe dé iwájú ilé alágbẹ̀dẹ tó wà ní ìkóríta tó dúró, tí kò rìn mọ́. Mo máa ń lọ wo ọ̀pá ìkẹyìn yẹn nígbà mìíràn, bóyá màá rí ohun tó rí tó fi dúró. Mi ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìró rédíò ni ìró tó gbẹ̀yìn, èyí tí mo fẹ́ràn jù tí mo sì kórìíra jù: ikọ́ Ìyé Àgbà lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń fẹ́ná.

Ìyé Àgbà ni ìyá Bàámi. Orí òkè Òwòrò ni Bàámi ti lọ mú un wá ní ọdún náà, nítorí ojú rẹ̀. Ojú yẹn pupa, ó ń ṣomi ní gbogbo ìgbà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kì í sunkún. Ó ń sọ̀rọ̀ Òwòrò, èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá ilé ìwé fún yín níbí, adùn rẹ̀ sì ń jò dànù lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń wo ojú ní ilé ìwòsàn ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Màmá, èéfín ló ń jẹ ojú yìí. Bí èéfín kò bá dáwọ́ dúró, ojú ni yóò dáwọ́ dúró.” Ìyé Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó délé, ó bọ́ ìró tó fi jáde, ó wá òkúta mẹ́ta, ó to ààrò sẹ́yìn ilé, ó dáná igi. Nígbà tí Bàámi dé tó bá a nínú èéfín náà tó sì figbe ta, ó ní, “Ilé tí kò rú èéfín láàárọ̀, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé òkú ni wọ́n sùn sínú rẹ̀.” Mọ́mì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká máa fi sítóòfù oníkẹrosíìnì se oúnjẹ rẹ̀. Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ìyàwó mi, o ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n àtùpà ni mo ń jẹ yìí.”

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bàámi, ní ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ dé pẹ̀lú ojú ẹni tó rí ìran. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi gbé ṣọ́bìrì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, nítòsí ààrò Ìyé Àgbà. Ìyé Àgbà náà gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó, ó ń wò ó títí ilẹ̀ fi jìn.

“Ta ló kú?” ló bi í.

“Kò sẹ́ni tó kú, Ìyé. Iná ni mo fẹ́ gbìn.”

“Iná ń hù ni?”

Bàámi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ó wá ṣàlàyé, àlàyé yẹn ló sì kó gbogbo wa sí wàhálà. Ó ní, “Ìyé, ẹ wo màlúù. Ó jẹ koríko, koríko náà pò pọ̀ nínú rẹ̀, ó gbóná, afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ fi kòtò yìí ṣe ikùn. Àwa la ó máa bọ́ ọ, òun náà á máa mí fún wa. Afẹ́fẹ́ tó bá mí jáde ni a ó fi rọ́bà fà wọ ilé ìdáná, a ó ṣáná sí i, á sì máa jó láìní èéfín.”

Ìyé Àgbà rò ó títí. “Ṣé ìsó lo ní kí n máa fi se ẹ̀kọ?”

Mọ́mì sáré wọ inú ilé. A gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú yàrá. Bàámi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni, Ìyé.”

Ó fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ṣe ara kòtò náà. Alágbẹ̀dẹ ìkóríta jó àgbá onírin pọ̀ di ọ̀kan ńlá, wọ́n da ojú rẹ̀ dé orí kòtò bí ìgbà tí èèyàn da igbá bo ọbẹ̀. Wọ́n ṣe ẹnu kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ ni èmi yóò máa da ìgbẹ́ màlúù tí mo bá ti fi omi pò sí. Ibi tí ẹ̀rù ti wọ inú egungun mi nìyí: bí afẹ́fẹ́ bá kún abẹ́ àgbá náà, yóò gbéra sókè fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí a bá ti dáná tán, á tún rọra sọ̀ kalẹ̀. Bàámi ní iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Lójú mi, ó ń mí. Mo ti rí àyà ẹni tó ń sùn rí, bó ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, ẹni tó bá ń sùn yóò sì jí lọ́jọ́ kan.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ti bárò lọ síbi tí àwọn Fúlàní ń kó màlúù wọn sí, kí n fi ṣọ́bìrì kó imí sínú rẹ̀, kí n tì í bọ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ màlúù náà wò mí ní ọjọ́ kìíní, ó fi pidgin bi mí, “Wetin una dey plant?” Mo ní iná ni. Ó wò mí títí, ó sì fi Haúsá tọrọ àánú Ọlọ́run fún mi. Àwọn ọmọ tí a jọ ń lọ ilé ìwé ò ní àánú kankan. Bí mo bá ti yọ níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á pa bọ́ọ̀lù tì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀: “Mai-kashi! Mai-kashi!” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “onígbẹ̀ẹ́,” ní èdè tí gbogbo Lọ́kọ́ja gbọ́, ìbáà ṣe Igala, ìbáà ṣe Ebira, ìbáà ṣe Nupe, kí n má baà rí ibi sá sí. Mo fara da ìyẹn. Ohun tí mi ò lè fara dà ni ẹnu kòtò. Mo máa ń dúró lọ́nà jíjìn, kí n kọ́kọ́ kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní èdè Òwòrò, “Òkun o,” kí n da gárawa náà sí i, kí n sì sá. Ní ọjọ́ tó bá dáhùn, tó sọ “gbọ̀lọ̀” láti ìsàlẹ̀, mo máa ń fi gárawa sílẹ̀ níbẹ̀ títí Mọ́mì yóò fi lọ mú un.

Ọ̀sán gangan ni Bàámi kọ́kọ́ ṣáná sí i. Kò fẹ́ ṣe é nínú ilé, ó fa rọ́bà náà àti irin ìdáná tó wà lẹ́nu rẹ̀ wá sí gbangba, kí àdúgbò lè rí i. Àdúgbò sì wá. Ó yí ẹ̀rọ, ó ṣáná, ó ní, “Ó ti ń jó.” A wò. A kò rí nǹkan kan. Irin dúdú kan ló wà níwájú wa nínú oòrùn, Bàámi sì dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo Mọ́mì, Mọ́mì wo ilẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé Zaria ti mú orí bàbá mi, pé èmi nìkan ni ọkùnrin tó kù nínú ilé yìí. Bàámi bá fa ìwé ya, ó nà án sókè irin náà díẹ̀, ìwé náà sì dúdú, ó ká kò, ó gbiná. Kí ẹnikẹ́ni tó patẹ́wọ́, mo ti wà lórí igi gúáfà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Ìyé Àgbà: “Iná tí ojú kò rí, tó ń jó. Èwo ló tún kù?” Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ ni a wá rí i, ó dúró wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọ̀ aró, bí òdòdó tí kò ní igi.

Bàámi ò fi bẹ́ẹ̀ ní sùúrù. Lọ́jọ́ kejì ló fẹ́ tú ààrò òkúta mẹ́ta náà ká. Ìyé Àgbà kò pariwo. Ó kàn lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú òkúta náà, èyí tó ṣì gbóná díẹ̀, ó ní, “Bí o bá tú ààrò mi, o ti lé mi nìyẹn.” Bàámi ní, “Ìyé, ojú yín ni mo ń wò.” Òun náà ní, “Èmi náà ń wò ó. Òun ni mò ń fi wò ọ́.” Wọ́n fà á títí, Mọ́mì ló bá wọn parí ẹ̀. Ìyé Àgbà ní òun yóò gbà. Òun yóò pa ààrò òun, òun yóò sì máa jẹ oúnjẹ ikùn náà títí ọyẹ́ yóò fi wá tí yóò sì fi lọ. Bó bá bọ́ òun dé ìgbà yẹn, òun jókòó ti àwọn nìyẹn. “Ṣùgbọ́n bó bá kú kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, mò ń padà sídìí ààrò mi lórí òkè. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ ojú fún mi mọ́.”

Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n sọ tán yẹn. Lórí ẹní rẹ̀ ni mò ń sùn. Òun ló ń ha ẹ̀yìn iṣu sísun fún mi. Bó bá gòkè padà lọ sínú èéfín, yóò fọ́jú, yóò fọ́jú níbi tí mi ò ti lè rìn dé. Gbogbo rẹ̀ wá wà lọ́wọ́ ohun kan tí mo ń sá fún. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ dáadáa, tí mo ń ṣa èérún igi àti òkúta kúrò nínú ìgbẹ́ náà bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Mo ṣì ń sá lẹ́yìn tí mo bá dà á tán, ẹ má ṣì mí gbọ́. Èèyàn lè fẹ́ràn ohun kan kó sì máa sá fún un. Mo ti gbéyàwó láti ìgbà náà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Ìyé Àgbà kọ́kọ́ ń jẹun bí ẹni ń gba ìyà, ó ń gbóòórùn gbogbo òkèlè. Nígbà tó yá, ó gbàgbé. Ikọ́ àárọ̀ yẹn rọlẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ń sáré kọjá ní ìdí igi gúáfà, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òkèèrè ni, ó sì pè mí: “Ìwọ yìí, ta ló wọ ṣòkòtò sódì sí ọ nídìí?” Mo wo ara mi. Òótọ́ ni, àpò ṣòkòtò mi ń jù lálá níta bí etí ewúrẹ́. Mọ́mì gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàámi jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó ní, “Ìyé, ẹ rí i?” Ó ní, “Ta ni kò ní rí ìyẹn?” Láti ọjọ́ náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń wọ aṣọ mi sódì nígbà mìíràn, kó lè rí i.

Ọyẹ́ wá dé. Omi gbẹ ní ètè wa, òkè Patti wọ inú eruku lọ, iná wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń jó bí òdòdó. Ó wá ń jó bí ahọ́n ológbò. Nígbà tó yá, ó ń jó díẹ̀, ó ń kú, ó tún ń jó. Àgbá náà kò gbéra dáadáa mọ́, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ìhà ń dùn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ dì mú. “Ṣé o bọ́ ọ?” “Mo bọ́ ọ, sà.” “Kí lo bọ́ ọ?” “Ìgbẹ́, sà.” “Ṣé ìgbẹ́ màlúù ni?” Mo ní, sà, ìgbẹ́ ta ló tún kù. Ìgbátí tí mo jẹ nítorí ìdáhùn yẹn tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò dára.

Ní àsìkò náà, mo rí àwọn nǹkan kan tí kò yé mi, mi ò sì rí ẹni bi. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wá ṣe àdúrà nílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ilé wa ń rùn bí ilé ìwòsàn. Mo rò pé ikùn náà ń ṣàìsàn ni, òórùn aláìsàn sì nìyẹn. Ní ọjọ́ mìíràn, mo rí hóró funfun wínníwínní létí kòtò, ó dà bí iyọ̀, mo fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ nítorí mo rò pé eyín ló ń hù. Ní ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, igbá kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó korò lóòórùn. Mo kàn ń kí i lójoojúmọ́, “Òkun o,” kò sì sọ “gbọ̀lọ̀” fún mi mọ́. Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Ìgbà tó ń dáhùn, mò ń sá. Ìgbà tó dákẹ́, mo dúró níbẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàámi ṣáná, ìṣáná náà jó dé èékánná rẹ̀, ó kú. Ó tún ṣá òmíràn. Kò sí nǹkan kan. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Ìyé Àgbà ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́, ó ní, “Ó tó, ọmọ mi. Kì í ṣe ìjà.” Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Ẹrù náà kò ju ìdì kan lọ. Mọ́mì ń di èlùbọ́ àti iyọ̀ fún un, ó ń fa imú, ó ní ọyẹ́ ni. Èmi jókòó sórí ẹní tó ṣẹ́ kù, mi ò lè sunkún, nítorí mo ń ronú pé bóyá kíkí tí mò ń kí i ni kò tó, bóyá ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀.

Lọ́rì tó ń lọ sórí òkè dúró síwájú ilé, dírẹ́bà tẹ fèrè. Bàámi gbé ìdì náà. Ìyé Àgbà ní kó dúró ná. Ó mú igbá kan láti abẹ́ àpótí rẹ̀, ó rọra rìn lọ sẹ́yìn ilé, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́nu kòtò náà, ó ní, “Mo ń lọ o. Mu eléyìí, bóyá inú rẹ á fúyẹ́.” Ó sì da ohun tó wà nínú igbá náà sí i.

“Ìyé!” Bàámi ju ìdì sílẹ̀. “Kí lẹ dà síbẹ̀?”

“Àgbo inú ni. Ewúro àti kán-ún. Ṣé ìwọ lo sọ pé ikùn ni? Nígbà tí mo rí i pé kò mí dáadáa mọ́, mo mọ̀ pé inú kíkún ni.”

“Láti ìgbà wo lẹ ti ń fún un?”

“Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé. Ìwọ tó jẹ́ ọmọ mi, kí ni mo fún ọ tí inú rẹ fi ń lọ déédéé nígbà tí o wà léwe? Ṣé o kú ni?”

Bàámi fọwọ́ lérí. “Ìyé, ẹ̀yin lẹ pa á! Ohun ẹlẹ́mìí ló wà níbẹ̀ o, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ náà, ẹ wá ń da kán-ún lé wọn lórí!”

Mọ́mì bo ẹnu rẹ̀. “Kòkòrò kẹ̀? Ṣé kòkòrò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?”

“Kí ni mo ti ń sọ láti ìgbà yìí?”

“Afẹ́fẹ́ lẹ sọ. Ẹ ò sọ kòkòrò.” Ohùn rẹ̀ ti ń wọlẹ̀. “Àwọn ìyá ìjọ ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá Káyọ̀dé. Ìyá Àlùfáà wà láàárín wọn. Ilé tí ń rùn bẹ́ẹ̀… mo da oògùn apakòkòrò sí i. Èyí tó ń sọ omi di funfun.”

“Mélòó?”

“Ìgò náà ni.”

Lọ́rì tún fọn fèrè. Bàámi jókòó sórí bárò mi, bó ṣe rí, pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì rẹ̀. Ìyé Àgbà ń wò ó pẹ̀lú ojú tó ń ṣomi yẹn. Ó ní, “Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi bíi ti báwo?”

“Mo ní ìwọ ńkọ́. Mo rí ọ níbí pẹ̀lú àpò kan láìpẹ́ yìí. Ojú mi ti dára tó ìyẹn.”

“Ajílẹ̀ ni,” Bàámi wí. “Ajílẹ̀ onífunfun tí àwọn àgbẹ̀ ń lò. Mo rò pé bó ṣe ń mú àgbàdo sanra, á mú òun náà sanra.” Mo sì wá mọ̀ pé eyín tí mo fi ẹsẹ̀ pa rẹ́ kì í ṣe eyín.

Gbogbo wọn yí ojú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ̀yìn rìn títí mo fi kan igi gúáfà. “Káyọ̀dé, ìwọ wá ńkọ́?” Mo ní, “Mi ò fi nǹkan kan sí i, sà. Ẹ̀rù ń bà mí.” Nínú gbogbo ìdílé wa, ẹ̀rù nìkan ni kò lọ́wọ́ nínú ikú náà. Mọ́mì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Bàámi lórí bárò, ẹ̀rín tí ń mú kí èèyàn nu ojú. Ìyé Àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń wo kòtò náà bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn. “Ẹni mẹ́ta fún aláìsàn kan ní oògùn mẹ́ta, ẹnì kankan ò sì bi ẹnì kejì. Báwo ni yóò ṣe yè?”

Dírẹ́bà ti wọ inú ọgbà. “Màmá, ṣé ẹ ń lọ àbí ẹ ò lọ? Oòrùn ń ràn.”

“Máa lọ, ọmọ mi. Òkun o. Bá mi kí ará òkè.”

“Ìyé,” Bàámi wí, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹyẹ fò, “àdéhùn wa ńkọ́? Ó ti kú kí ọyẹ́ tó lọ.”

“Kò tíì kú. Ó ń ṣàìsàn ni, oògùn mi sì wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹni tí mo fún ní àgbo ni kí n fi sílẹ̀ kí n máa gòkè lọ? Bó bá yè tàbí bó bá kú, ìṣojú mi ni yóò ti ṣẹlẹ̀.” Ó yí padà sí Mọ́mì. “Gbé ìgò mìíràn tó bá kù fún mi. Ìwọ náà, gbé àpò rẹ wá.” Wọ́n kó wọn fún un bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀ ló kó wọn sí.

A kó gbogbo ohun tó wà nínú kòtò náà dànù. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ náà. Àwọn tó mọ̀ wá ní Natako nígbà náà ṣì ń sọ ọ́. A fi omi fọ̀ ọ́, a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bárò lọ, bárò bọ̀, “Mai-kashi, Mai-kashi.” Ìyé Àgbà gbé àpótí rẹ̀ tì í, ó mú ọ̀pá dání, ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn pẹ̀lú ohun tó yàtọ̀ sí ìgbẹ́ màlúù àti omi, ọ̀pá yẹn ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó lé Bàámi fúnra rẹ̀ sẹ́yìn nígbà kan tó kàn fẹ́ wò ó. Sítóòfù la fi ń dáná ní gbogbo àsìkò náà. Ó ń jẹ ọbẹ̀ tó ń rùn bí àtùpà, kò sì fọwọ́ kan igi ìdáná.

Ohun tí mi ò tíì mọ̀ títí di òní ni ẹni tó pa iná náà. Bàámi ní apakòkòrò ni. Mọ́mì ní ajílẹ̀ ni, nítorí ajílẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Ìyé Àgbà ní ti òun kọ́, àgbo òun kò pa èèyàn rí. Nígbà tí Bàámi dàgbà gan-an, ó rí i kà nínú ìwé kan pé òtútù lásán lè mú kí irú kòtò bẹ́ẹ̀ dákẹ́, pé ọyẹ́ nìkan ti tó, pé bí ooru bá padà, á tún jí. Ó kà á sí mi létí, ó pa ìwé náà dé, a sì jókòó síbẹ̀, a ń wo ara wa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pa á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwa ni a dá kún un. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, orí mi kò gbà á.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé, ooru Lọ́kọ́ja tiwa yìí, tí ewúrẹ́ ń bá òjìji ọ̀pá iná du àyè. Ní ọ̀sán kan, Bàámi wà níbi iṣẹ́, Mọ́mì wà ní ọjà. Èmi àti Ìyé Àgbà nìkan ló wà nílé. Mo ti da gárawa tán, mo ti sá dé ibi tí mo máa ń sá dé, ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: “Gbọ̀lọ̀.” Ìyé Àgbà ti nà ró lórí àpótí. Àgbá náà ti gbéra. Kò pọ̀, bí ìbú ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ti dúró déédéé.

“Mú ìṣáná,” ló wí.

“Ẹ jẹ́ ká dúró de Bàámi.”

“Aláìsàn jí, o ní ká dúró de dókítà. Mú ìṣáná.”

A wọ ilé ìdáná. Ó yí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà. Ó ní ojú òun kò ní rí iná wínníwínní yẹn lọ́sàn-án, àfi kí n bá òun ṣáná, kí n sì bá òun wò ó. “Ìwọ ni ojú mi,” ló wí. Mo yọ ẹyọ ìṣáná kan. Mo nà án láti ọ̀nà jíjìn. Mo ṣá a.

“Ṣé ó jó?”

“Ó jó, Ìyé.”

Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè irin náà, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ ṣí, ó ń wo ògiri. “Òótọ́ ni,” ló wí. “Ó jó.” Ó ní kí n lọ gbé ìkòkò wá, lẹ́yìn náà kí n lọ yí àwọn òkúta mẹ́ta yẹn wálé, kí a rí nǹkan jókòó lé nídìí iná.

Mo ti sọ pé èmi ni ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó kù tí mi ò sọ fún un títí ó fi dàgbà kọjá ìbéèrè ni pé, láti ìgbà tí mo ti ṣá ìṣáná náà títí ó fi na ọwọ́ sí i, mo ti di ojú mi méjèèjì pinpin.